Àwọn Tó Tẹ̀ka Pé Àwọn Ń Bọ̀ ní Tẹ́ṣàn

Agboolé Ọ̀ṣìnúbí,
Àtàn-Ọ̀tà.

Nàfísátù ọmọ mi, Àyọ̀ká,

Àsàlámù àlékùm. Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun, ṣé ooru Àbújá kò pọ̀ jù fún wọn, ṣé aládùúgbò yín tó máa ń tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́bàá fèrèsé yín ti ṣíwọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ yín, á máa ṣọ́ àbọ̀ yín, ojú yín kò ní rí ohun tí kò yẹ kó rí. Bí o bá béèrè wa, ara wa le. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó wú ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ wa bí méjì, òjò sì ti rọ̀ sórí ẹ̀gẹ́. Inú nìkan ni kò dùn. Inú ń bí mi gan-an, mo sì fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó lè kúrò nínú mi, torí ìyá rẹ ní ó pẹ́ tí mo ti jẹ oúnjẹ kan láìbá oúnjẹ náà jà.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá mi fi ń kọ lẹ́tà lẹ́yìn tí mo ra fóònù fún un. Akíndé àbúrò rẹ ló ní n kò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sínú fóònù mọ́, pé wọ́n máa ń gba fóònù èèyàn lójú títì, wọ́n á tú inú rẹ̀ wò. Mo rò ó títí, mo rí i pé òótọ́ ni. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò tíì gbọ́ pé ọlọ́pàá dá ẹnikẹ́ni dúró láti ka ìwé. Awakọ̀ tó ń kó gààrí lọ sí Àbújá ni mo fi lẹ́tà yìí rán, ọkàn mi sì balẹ̀ pé yóò dé.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o mọ̀, kí n tó dé ibi tí o kò mọ̀. Akíndé ń ti ilé iṣẹ́ ike bọ̀ lọ́sàn-án, ó ń lọ sí yàrá rẹ̀ ní Ilo-Awela, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kan dá ọ̀kadà tó gùn dúró. Wọn kò béèrè ohun tó gbé dání. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní irun yìí, irun ọmọ yàhúù ni. Ó ní dàda ni òun, pé bí wọ́n ṣe bí òun nìyẹn. Wọ́n ní gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn di irun náà mú, ó fà á bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́ tu, ó rí i pé kò já, ló bá tì í sínú ọkọ̀. Ọlọ́kadà náà ló wá sọ fún wa ní Àtàn, Ọlọ́run á bù kún un. Mo pè ọ́, o sunkún, o gbé àwòrán àbúrò rẹ sí orí Fesibúùkù, o ní ká máa wò ó níbẹ̀, pé àwọn èèyàn ti ń dá sí i.

Bí mo ṣe wọ ibẹ̀ nìyẹn. Mo bá ìpàdé ńlá níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó jẹ́ alága. Nílé tiwa, bí èèyàn bá yọjú síbi ọ̀rọ̀ rẹ, o kọ́kọ́ máa kí i ni, nítorí náà mo mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn pé ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àdúrótì, ilé ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà. Ọ̀sán kan gbáko ló gbà mí. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí kò ní ojú, orí funfun pẹlẹbẹ ló gbé síbẹ̀. Mo gbàdúrà fún un pé Ọlọ́run á wò ó sàn. Àwọn kan wá tó jẹ́ pé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Mo bi wọ́n pé kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà ní àhámọ́. Wọ́n tún rín.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Treasure ni ẹnu rẹ̀ mú jù. Ó ní olè tó wọ aṣọ ìjọba ni gbogbo ọlọ́pàá, kí wọ́n tú wọn ká pátá, pé òun dúró ti ìdílé Ọ̀ṣìnúbí gbágbágbá. Ọkùnrin kan tó gbé àwòrán kìnìún sójú dá a lóhùn pé bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú, pé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ gidi kì í dá irun jọ bẹ́ẹ̀, àti pé lọ́jọ́ tí olè bá wọlé Treasure, ta ni yóò pè? Treasure ní òun kò ní pe olè wá mú olè. Kìnìún ní ìyá tó bí i lolè. Ibẹ̀ ló ti di ọ̀rọ̀ ìyá. Mo bẹ̀ wọ́n pé ẹ jọ̀ọ́, ìyá ẹ̀yin méjèèjì kò sí nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún bú ìyá ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń wọlé sórí fóònù mi, ó ń jẹ dátà tí mo fi owó ẹ̀gẹ́ rà, mo wá kọ ọ́ pé kí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn gùn jọ̀ọ́ gé e kúrú, torí dátà mi ni wọ́n ń jẹ. Ẹnìkan ní òun fẹ́ràn bàbá yìí. Kò gé tirẹ̀ kúrú.

Nígbà tó yá, mo wá orúkọ Akíndé láti òkè délẹ̀, n kò rí i mọ́. Bóyá ó yẹ kí ọkùnrin ní irun gígùn ni wọ́n ń jà lé lórí, àti owó oṣù ọlọ́pàá, àti ẹni tí ẹnìkan dìbò fún. Ìyá rẹ ní kí n gbé fóònù náà sílẹ̀, pé ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò bá ti dìde láti lọ síbi ọ̀rọ̀, àpéjọ aláìríṣẹ́ṣe ni. Mo ní kó ṣe sùúrù, pé àwọn èèyàn yìí ń bínú tọkàntọkàn.

Èmi ni mo wá sọ pé ká fòpin sí i. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé èmi Fàlílù Ọ̀ṣìnúbí, bàbá Akíndé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tọ̀tún-tòsì, ọ̀rọ̀ ti tó, lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí oòrùn bá ti yọ, gbogbo wa máa lọ sí tẹ́ṣàn lọ gba ọmọ náà, kí ẹni tó bá ń bọ̀ tẹ̀ka síbí. Nàfísátù, wọ́n tẹ̀ka. Àtàǹpàkò ń wọlé bí òjò. Kí n tó kírun ìrọ̀lẹ́, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Tìrẹ náà wà níbẹ̀, mo rí orúkọ rẹ, mo sì sáré sọ fún ìyá rẹ pé o ń bọ̀. O mọ ohun tí àtàǹpàkò jẹ́ nínú ilé yìí. Nígbà tí wọ́n ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wa lọ́nà Igbesa láti kọ́ ilé iṣẹ́, bàbá mi kò mọ ìwé, ìka ẹyọ kan péré ló tẹ̀, a kò sì tíì rí ẹni tó lè yọ wá nínú rẹ̀ títí dòní. N kò mọ̀ pé irú èyí tí èèyàn máa tẹ̀, tí á sì yí ẹ̀gbẹ́ padà sùn, ti dé sílé ayé.

Mo lọ yá àga. Ìyá Ẹfúnróyè tó ń yá àga ní tòun kò ju ọgọ́rùn-ún lọ, mo ní kó kó gbogbo rẹ̀ wá, àwọn ọ̀dọ́ á dúró. A tò ó sábẹ́ igi máńgòrò tó dojú kọ tẹ́ṣàn náà, èyí tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ìyá rẹ ra omi inú ọ̀rá fún àwọn tó ń bọ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ lé àga kan níwájú, ó ní tìrẹ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. A wá jókòó, èmi àti òun. Ọlọ́pàá kan jáde wá bi wá pé ta ló ń gbéyàwó. Mo ní rárá o, ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló ń bọ̀ wá gba ọmọ mi. Ó sáré wọlé, wọ́n ti géètì pa. Nígbà tó di ọ̀sán tí wọ́n rí i pé àwa méjì náà ṣì ni, wọ́n tún ṣí i.

Mo kọ̀wé sí Treasure pé a ti dé o, apá ibo lo dúró tì wá sí. Ó ní Kánádà lòun wà, ṣùgbọ́n ọkàn òun ń bá wa jókòó. Mo wo àwọn àga náà dáadáa. N kò rí èyí tí ọkàn rẹ̀ wà.

Ó ku díẹ̀ ká kírun ọ̀sán nígbà tí ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó bi mí bóyá èmi ni Bàbá Ọ̀ṣìnúbí, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun ni kìnìún. Ọláṣùpọ̀ lorúkọ rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni, táyà ló ń tà ní Sango, èèyàn kúkúrú báyìí, kò sí ohun tó fi jọ kìnìún. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń jiyàn lórí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó bi òun rí pé ilé ńkọ́, pé lẹ́yìn tí mo kí òun, ọ̀rọ̀ tí òun sọ nípa irun ọmọ mi kò jẹ́ kí òun gbádùn. Ó ní òun wá kí òun lè fi hàn mí pé bí a bá fi ọ̀wọ̀ bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, èèyàn gidi ni wọ́n, torí àwọn ni wọ́n bá òun rí jẹnẹrétọ̀ òun tí olè jí. Mo ní ó káre. A wọlé.

Ọ̀gá tó wà nídìí káńtà ní kí n lọ mú owó béèlì wá. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri lókè orí rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Mo nawọ́ sí i. Ó ní ọ̀gá tó ní kí wọ́n kọ ọ́ ti lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọláṣùpọ̀ bá dá sí i, ó ní ọ̀gá, ẹ̀yin mà ni mo ń gbèjà lórí Fesibúùkù láti ọjọ́ yìí, wọ́n ti bú ìyá mi nítorí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí di òpùrọ́. Ọ̀gá náà bi í pé ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́. Ó yọ fóònù kó lè fi ohun tó kọ hàn wọ́n, wọ́n ní ó ń ya fọ́tò àwọn, wọ́n gba fóònù náà, wọ́n sì tì í sẹ́yìn káńtà pẹ̀lú àwọn tó ń dúró de béèlì. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹni tó bá níbẹ̀ pé àwọn díẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹni náà bi í bóyá orí ti ń fọ́ ọ.

Mo wá rọra sọ fún ọ̀gá náà pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fa irun dàda lójú títì, pé ẹni tó bá fọwọ́ kan orí dàda gbọ́dọ̀ fún un lówó, bó ti wù kó kéré mọ, kí ara ọmọ náà lè balẹ̀. Ó ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú owó béèlì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n mú Akíndé jáde.

Nàfísátù, wọ́n ti gé e. Wọn kò tilẹ̀ fá a, wọ́n gé e bí koríko etí odò, ibì kan pá, ibì kan kù, ẹ̀jẹ̀ sì gbẹ sẹ́yìn etí rẹ̀. Irun tó gbé wá sáyé. Irun tí tíṣà ní ká gé kó tó wọ iléèwé, tí ìyá rẹ lọ kúnlẹ̀ bẹ tíṣà, tí tíṣà gbà. A ti sọ pé lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ gé e, a máa se ẹ̀wà, a máa pín ìrèké àti àádùn fún àwọn ọmọdé, a máa kó irun náà sínú ìkòkò pa mọ́ fún un. Àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ló fi sísọ́ọ̀sì gé e, wọ́n ní àwọn fi tọ́ ọ sọ́nà ni. Ìyá rẹ kò ké. Ó mú ìborùn tó ti fi lé àga rẹ, ó wé e mọ́ ọmọ náà lórí, ó wá bi wọ́n pé irun dà. Wọ́n ní àwọn ti gbá a dànù.

Èmi bàbá àgbàlagbà, mo lọ sẹ́yìn tẹ́ṣàn níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, mo ń fi igi tú ike àti ọ̀rá kiri. Ọ̀dọ́ ọlọ́pàá kan dúró níbẹ̀. Kò wò mí lójú. Ó fi bàtà tọ́ka síbi tó wà.

Mo san owó náà, owó tí a fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ni. Mo san ti Ọláṣùpọ̀ mọ́ ọn, torí èmi ni mo pè é. Wọ́n dá fóònù rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kejì, mo rí i pé ó ti yọ kìnìún kúrò lójú, òdòdó ló fi síbẹ̀.

Akíndé wà lọ́dọ̀ wa. Kò fẹ́ padà sí Ilo-Awela, kì í ṣí fìlà bó bá ń jẹun, ó ní orí òun fúyẹ́ jù. Mo mọ̀ pé o ti gbé àwòrán orí náà, èyí tí mo yà ránṣẹ́ sí ọ kí àbúrò rẹ tó kìlọ̀ fún mi, sórí Fesibúùkù, mo rí i. Mo sì rí ọkùnrin tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bóyá ọmọ náà ló gé irun fúnra rẹ̀ láti ba orúkọ ọlọ́pàá jẹ́, pé ẹ̀rí dà. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi. Ó wà nínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ, ó ń rùn. Bá mi bi àwọn tó mọ ẹ̀rọ ní Àbújá bí a ṣe ń fi irun ránṣẹ́ sórí Fesibúùkù, kó lè dé ọwọ́ ọkùnrin náà, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wò.

Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́, kí n lè ra ẹ̀wà àti ìrèké, ká lè ṣe fún orí ọmọ náà bó tilẹ̀ ti pẹ́. Fi ti àga méjì mọ́ ọn, Ìyá Ẹfúnróyè ní wọn kò pé. Mo rí ọ̀kan lẹ́nu géètì tẹ́ṣàn, ọlọ́pàá ló jókòó lé e, n kò sì lè sọ pé kó dìde. Má fi dátà ránṣẹ́ mọ́.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa, á dá àwọn ọmọ rẹ sí. Kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ di ohun tí àwọn èèyàn á jókòó sílé máa jiyàn lé lórí. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ bá sì délẹ̀, àwọn tó máa fi ẹsẹ̀ wọn rìn wá ni kó fún ọ, ì báà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fàlílù Ọ̀ṣìnúbí.