Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Ní Kò Sí Ọjà ní Ìbàràpá

Ilé Àkànó,
Ìgbó-Ọrà,
Ìbàràpá.
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 1999.

Japheth, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ kú ariwo Èkó, mo sì kí Adétóyìn ìyàwó rẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo ní ìrètí pé ara yín le, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, àti pé ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ kò jò mọ́. Ní tèmi, ara mi le koko, mo ń jẹun, mo sì ń sùn. Orí mi nìkan ni kò dúró sójú kan, ìdí rẹ̀ nìyí tí lẹ́tà yìí yóò fi gùn. Wá àga kan jókòó.

O ní kí n fún ọ lésì kí oṣù yìí tó parí: ṣé n ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà kí n wá bá ọ l'Ékòó, kí a jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan, kí a máa kọ ojú-ìwé sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ilé-iṣẹ́? O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti kúrò ní Pólì ni mo ti ń fẹ́ irú nǹkan báyìí. O sì mọ Ìyá mi. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, tí Mùnírátù àbúrò mi sì ti lọ sílé ọkọ, èmi nìkan ni mo kù sílé pẹ̀lú wọn. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún wọn, wọn kò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní àfi bí àwọn bá fi ojú ara àwọn rí ohun tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn.

Bí Ìyá mi ṣe bá mi lọ sí àpérò àwọn tí ń kọ ojú-ìwé Íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, èyí tí o bá mi fi orúkọ sí, tí wọ́n sì fi ìwé pè mí pé kí n wá fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, n'Íbàdàn. Ọjọ́ náà gan-an ni ọjà Igangan ń ná, iṣu sì pọ̀ lóko. Ìwọ náà mọ̀ pé Ìyá mi kì í pa ọjà Igangan jẹ. Ibà kò dá wọn dúró rí, òjò kò dá wọn dúró rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, wọ́n wọ aṣọ Ìtúnu Ààwẹ̀ wọn, wọ́n ní ọjà yóò tún ná, ọmọ ni wọn kì í tà níbẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún nínú mọ́tò.

N ó sọ òótọ́ fún ọ, Japheth: púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò yé mi. A tó ọgọ́ta nínú gbọ̀ngàn náà, ọ̀pọ̀ wọn so táì. Ọkùnrin kan fi odidi wákàtí kan sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè mú kí lẹ́tà máa ṣẹ́jú lójú ìwé. Bó ti jókòó ni ẹlòmíràn dìde, tó ní ẹni tó bá ń mú lẹ́tà ṣẹ́jú, ọ̀tá àwọn tí ń kàwé ni. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Ẹnì kẹta ní kí a má yọ̀ jù, pé bí ọdún 2000 bá wọlé, gbogbo kọ̀ǹpútà lè daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun náà. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́, n kò sì mọ èyí tí mo fara mọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí a sinmi, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláyẹmí bi mí pé ọ̀nà wo ni mo ń gbà fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì láti Ìgbó-Ọrà. Mo ní Òjó dẹ́rẹ́bà ni. Ó rò pé ilé-iṣẹ́ kan ni, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá ṣàlàyé fún un pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní wáyà tó so ó mọ́ ibì kankan, pé inú ìwé olójú-ewé ogójì ni mo ti ń kọ iṣẹ́ mi, pé ọjọ́ tí iná bá wà ni mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú díìsìkì, tí Òjó ń gbé e wá fún ọ ní gáréèjì, tí ìwọ sì ń bá mi gbé e sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ ò tíì rí iṣẹ́ yín níbẹ̀ rí ni?” Mo ní rárá.

Ó wá kàn mí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Tinúkẹ́, òun ni olórí àpérò náà, ló pè mí síwájú. Mo sọ fún wọn pé ojú-ìwé tèmi kò lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò: ẹni tó bá fẹ́ wá ra nǹkan oko ní Ìbàràpá, kí ó kọ ọjọ́ tó fẹ́ wá sínú àpótí kékeré kan, ojú-ìwé náà yóò sì sọ ìlú tí ọjà ń ná lọ́jọ́ náà fún un, bóyá Igangan, bóyá Ìdèrè, bóyá Ìgbó-Ọrà tàbí Èrúwà. Tinúkẹ́ ṣí i sára aṣọ funfun ńlá tó wà lẹ́yìn mi. Japheth, mo rí i! Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, pẹ̀lú àwọ̀ ewé tí mo kàn fi orúkọ rẹ̀ kọ sínú ìwé láìmọ bí yóò ti rí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mo ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan wá ké láti ẹ̀yìn pé kí a bi í léèrè ti òní. Tinúkẹ́ kọ ọjọ́ náà sí i. Ohun tó jáde ni: Kò sí ọjà.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Mo rí i tí wọ́n tẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tì wọ́n láti béèrè ohun tí a kọ síbẹ̀. Bó ti sọ fún wọn tán ni wọ́n dìde. “Ẹ dákun o, ta ló ní ò sọ́jà lónìí? Èmi Hàlímọ̀ tí ẹ ń wò yìí, ọjà Igangan ni mo pa tì tí mo fi wá síbí. Ṣé ọjà tí ò sí ni mo pa tì ni? Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, n ò rí ọjọ́ tí Ìbàràpá ò nájà rí. Ẹ ní kí ẹ̀rọ yín tún un kà!”

Ẹ̀rín bú sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn náà. Ojú tì mí, mo ní kí ilẹ̀ lanu. Ẹ̀rọ tí mo wá fi yangàn ti sọ ìyá mi di òpùrọ́ níwájú ọgọ́ta ènìyàn, mo sì mọ̀ pé Ìyá mi kò purọ́. Mo bẹ Tinúkẹ́ pé kí ó ṣí inú ojú-ìwé náà kí a wo bí a ṣe kọ ọ́. Níbi tí mo kọ ọ́ sí pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni ọjà ìlú kan ń tún ná, márùn-ún ni mo bá níbẹ̀. Ìwé mi wà lọ́dọ̀ mi di òní yìí: mẹ́rin ni mo kọ.

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. O rí i lókè ojú-ìwé pé ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, o rí mẹ́rin nísàlẹ̀, o sì rò pé ọwọ́ tíṣà ṣì í. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ka ọjà nílé kọ́ nìyẹn. Bí Igangan bá ná ní Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ yẹn ni ọ̀kan, Jímọ̀ ni méjì, Àbámẹ́ta ni mẹ́ta, Àìkú ni mẹ́rin, ọjọ́ Ajé ni márùn-ún, ọjọ́ Ajé náà sì ni ọjà yóò tún ná. A máa ń ka ọjọ́ tí a dúró lé mọ́ ọn. Ẹ̀rọ kì í kà á, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ mẹ́rin fún un. Ìlú mẹ́rin ló pín ọjọ́ mẹ́rin yẹn láàárín ara wọn, kò sí èyí tó ṣófo. Nígbà tí o fi ọ̀kan kún un, ọjọ́ kan ṣẹ́ kù tí kò ní ìlú, ẹ̀rọ sì ní kò sí ọjà. Inú bí mi sí ọ, mo fẹ́ kí o mọ̀.

Mo ṣe àlàyé yìí fún wọn pẹ̀lú ìka ọwọ́ mi. Tinúkẹ́ da ojú-ìwé náà kọ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sọ márùn-ún di mẹ́rin, ó tún béèrè. Igangan ló jáde. Gbogbo ilé dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, n kò mọ ẹni tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, bóyá èmi ni, bóyá Ìyá mi, tàbí wọ́n kàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin kan ní kí n wá sọ̀rọ̀ l'Ábújá ní oṣù kìn-ín-ní. Òmíràn ní kí Ìyá mi wá máa bá àwọn yẹ iṣẹ́ wò kí àwọn tó gbé e jáde. Ìyá mi bi í pé ta ni yóò wá máa bá àwọn ta iṣu.

Láti Ìbàdàn títí dé ilé, ìta ni Ìyá mi ń wò láti inú mọ́tò. Mo ti gbà nínú ara mi pé ó parí, pé wọn kò ní jẹ́ kí n lọ sídìí ohun tó dójú tì wọ́n. Èyí tó wá ń dààmú mi jù ni pé ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀ nígbà tí mo rò bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti ń fẹ́ Èkó láti ọdún mẹ́fà! N kò mọ ohun tí mo jẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n lọ sí Igangan, wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì pè mí. Wọ́n ní, “Búrẹ́mọ̀, máa lọ sí Èkó. Mo ti rò ó. Japheth yẹn, ọmọ Èrúwà ni bàbá ẹ̀, kò dẹ̀ mọ bí a ti ń ka ọjà mọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, wọn ò kà á létí ẹ̀ rí ni. Àmọ́ bí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n bá jókòó tìyá wọn, irú Japheth ni ó máa kọ tiwa fáráyé, wọn ó dẹ̀ ní a ò nájà.” Mo ní, “Ìyá, ta ni yóò wá wà pẹ̀lú yín?” Wọ́n ní, “Ṣé èyí tí mo bi ọ́ nìyẹn?” Wọ́n ní kí n máa wálé ní ìtàdógún-ìtàdógún, kí n sì ka ọjọ́ tí mo bá kúrò nílé mọ́ ọn. Wọ́n wọlé. Wọn kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Àṣìṣe tìrẹ tó fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni Ìyá mi rí tí wọ́n fi gbà, n kò sì mọ̀ bóyá kí n bá ọ jà ni tàbí kí n dúpẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé bí a bá jọ ń ṣiṣẹ́, ṣé bí o ó ti máa ṣe nìyẹn, kí o máa tún iṣẹ́ mi ṣe láìbi mí? Fún mi lésì tó ṣe tààrà lórí èyí. Ní ti ìdáhùn tí ìwọ náà ń retí, òun nìyí: Ìyá mi ti gbà. Kíyè sí i pé n kò kọ ọ́ pé èmi ti gbà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwa méjèèjì ṣi ara wa kà. Kí ó bùkún ọwọ́ rẹ, kí ó fún Adétóyìn ní àlàáfíà, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀rín wà lẹ́nu wa lọ́jọ́ tí a ó bá fojú kan ara wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí, tí ó sì fẹ́ràn rẹ síbẹ̀,
Búrẹ́mọ̀ Àkànó.

Mo tún rántí: Eléyìí tó wà lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń sọ pé kò sí ọjà, jọ̀wọ́ tún un ṣe lónìí. Mo ti kọ ìwé tí n ó fi gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí mo ti ń gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nínú àpò, tí mo sì ń gbé e padà bọ̀. Àpótí mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá mi ló dì í. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbálẹ̀ yí i ká. Wọn kì í gbé e kúrò, wọn kò sì tíì bi mí ọjọ́ tí n ó lọ.