Kọfí Tí Mi Ò Mu ní Pristina

Ìyá Vjollca,

Adájọ́ dìde fún ọkọ rẹ ní Pristina lónìí. Ó dáa, agbẹjọ́rò ìjọba ni, oúnjẹ ọ̀sán ló sì dìde fún.

Mo ní kó jẹ́ kí Vjollca ọmọ wa, tí wọ́n mú dé láti Síríà, wà ní àhámọ́ nílé dípò ẹ̀wọ̀n. Ó gbé kọfí fún mi. Bí àwọn bàbá wa ti ń bẹ̀bẹ̀, mo ní n ò ní mu ún àfi tó bá gbà.

“Baba, òfin agbésùnmọ̀mí ò mọ kọfí.”

“Á mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Mo ń bọ̀ lọ́la.”

Tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Vjollca. Bá mi kí màlúù wa, kó o kí ara rẹ náà bí ìkíni bá ṣẹ́kù.

Kọfí náà tutù. Wọn ò jẹ́ kí n rí ọmọ wa.