Ọdún Mẹ́ta tí Mo Yọ Kúrò Lára Haneef

Ìyá Haneef,

Mo kí ọ láti Kano. O mọ̀ pé mo ru àlùbọ́sà títí irun àárín orí mi fi re, mo sì sùn sábẹ́ ọkọ̀ fún ọdún méjì. Lónìí, ọkọ̀ mẹ́ta ló ń já ẹrù mi sí ọjà Ipata ní Ìlọrin! Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo lò nílé ìwé. Tíṣà ní kí n na ọwọ́ gba orí kọjá, kó kan etí kejì. Kò kàn án, ó lé mi sílé. Ara àpò ẹrù ni mo ti kọ́ ìwé tí mo ń kọ yìí.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo rẹ́rìn-ín sí ohun tí Safiyat wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, sọ fún Haneef ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ìwé ọjọ́ orí tí Bàbá gbà fún ọ ti sọ mí di ẹ̀gbọ́n rẹ. Dọ̀bálẹ̀ kí o kí mi." Ọmọ yẹn lẹ́nu!

Lóòótọ́, nígbà Iléyá, mo gbé Kùránì lọ́wọ́ ní kóòtù, mo búra pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Haneef, kó lè wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn tí kò tíì pé mẹ́rìndínlógún. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ta ni kì í ṣe é? Àmọ́ n kò mọ̀ pé Sàní ojúlé kejì ni wọ́n máa yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ náà fún un. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tòótọ́ ni tiẹ̀. O ní ó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń ṣọ́ bàtà Haneef.

Látìgbà tí mo ti kà á, mo kàn ń na ọwọ́ gba orí ni. Ó ti ń kan etí báyìí.

Ara mi le. Kí ìyá Sàní fún mi, má sọ nǹkan kan fún un. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa wọ Ìlọrin, mo sì máa yà sí kóòtù kí n tó dé ilé jẹun.