Awa, Wọ́n Fẹ́ Gbé Mi Kúrò Nílé

Awa ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dórí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá ibì kan jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ lórí ìdúró. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ariwo Àbíjàn gba etí rẹ títí tí o kò fi ní gbọ́ ohùn bàbá rẹ mọ́. Ilé kò bàjẹ́, ooru Wàgádúgù ń mú wa, ewúrẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, èkejì ní àmì tóótòòtó, ara tèmi náà kò burú, àfi ẹsẹ̀ òsì tí mo fi ṣubú ní balùwẹ̀ níjọ́sí, egungun rẹ̀ ti so ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́.

O máa ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ̀rọ̀ mi sínú fóònù. Ṣé Ismaël ẹ̀gbọ́n rẹ tí mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn náà kọ́ ló ń gbé fóònù sí mi létí? Ṣé ojú rẹ̀ ni kí n ti máa rojọ́ rẹ̀ ni? Yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò fọkàn tán nǹkan ọ̀hún. Lọ́jọ́ tó ní kí n sọ̀rọ̀ sí i fún ọ, mo sọ̀rọ̀, mo ṣàdúrà títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti dé Àbíjàn. Kò pẹ́ tí mo tún fi gbọ́ ohùn ara mi tó ń jáde láti inú rẹ̀, gbogbo àdúrà náà pé, ikọ́ tí mo wú pàápàá kò yọ sílẹ̀. Mo wá mọ̀ pé kò lọ síbì kankan, inú ibẹ̀ ló jókòó sí láti àárọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ọwọ́ ara mi kọ èyí, Nuru tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí ọ̀dọ̀ yín ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Fún un lómi mu.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n fẹ́ gbé mi kúrò nílé. Ismaël àti Albertine ìyàwó rẹ̀ ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Salimata. O mọ̀ pé àwọn òyìnbó ní ilé kan tí wọ́n ń kó arúgbó sí, mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n tò wọ́n sórí àga bí abọ́ tánganran tí ẹnikẹ́ni kò rà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé mi lọ. Má sọ pé bàbá ti ń ṣarán o. Ẹ̀rí wà.

Salimata yìí kàn wọlé lọ́jọ́ kan ni, ó kí mi ní èdè Júlà, ó kúnlẹ̀ pàápàá, ara sì fu mí lójú ẹsẹ̀, nítorí ta ló tún ń kúnlẹ̀ kí àgbà ní àdúgbò Dapoya wa yìí lóde òní? Ó ní ẹgbẹ́ kan ló rán òun, pé iṣẹ́ àwọn ni kí àwọn arúgbó àti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò pé máa rìn, kí wọ́n máa jáde, kí wọ́n máa rí ẹgbẹ́ wọn. Mo bi í pé èló ni. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Awa, èmi tí mo ta abọ́ tánganran láti Kùmásí títí dé ọjà ńlá Wàgá, mi ò rí ọ̀fẹ́ tí kò nídìí rí. Ẹni tó bá fún ọ ní abọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, yí ìdí abọ́ náà wò, ó ti lu.

Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni òní, oṣù wo la wà. Mo ní ṣé òun kò mọ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń wá kò ṣókùnkùn sí mi, bí mo bá ṣi ọjọ́ pè pẹ́rẹ́, wọ́n á ní orí bàbá ti dàrú, kò lè ní ilé mọ́. Mo ní kó lọ bi ìmáàmù. Ó tún mú rọ́bà gígùn kan aláwọ̀ ewé jáde, ó ní kí n fi kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí n máa fà á láràárọ̀. Pẹ̀lú irùngbọ̀n mi yìí, wọ́n ń kọ́ mi ní kànnàkànnà! Mo ń fà á ṣá. Mo ń fà á kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo ti mọ̀.

Ìgbà tó yá, Ismaël mú bíríkìlà wá. Wọ́n kan irin mọ́ ògiri balùwẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n kàn án lápá òsì, wọ́n ní kí n máa dì í mú. Balùwẹ̀ tí mo fi owó mi kọ́ wá dà bí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Albertine wọ yàrá mi, ó ká rọ́ọ̀gì ilẹ̀, ó kó àwọn àpótí mi kúrò lójú ọ̀nà, ó ní kí n má baà kọsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lé ayálégbé nìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n wá fọ́ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n da sìmẹ́ńtì síbẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo jókòó, mo ń wò ó. Kí ni wọ́n fẹ́ yí gba ibẹ̀ jáde? Ohun tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ ni a ń yí.

Èyí tó wá já mi láyà jù ni pé Salimata ní kí n nà sórí ẹní. Ó fa tépù jáde, ó wọ̀n mí láti ìbàdí dé gìgísẹ̀, ó wọn apá, ó wọn ẹ̀yìn. Mo le gbagidi. Ìwọ náà mọ̀ bó ṣe rí láàárín àwa Mùsùlùmí, a kì í lo pósí. Télọ̀ máa ń wọn èèyàn lóòró ni. Ẹni tí wọ́n bá wọ̀n ní ìdùbúlẹ̀, agbẹ́sàréè ló ń bọ̀ wá bá a, kí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ má baà kúrú. Mo lajú, mo sọ fún un pé mi ò tíì kú o, mo ṣì jẹ tùwó lánàá, mo sì fi ẹran jẹ ẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá, pé òun fẹ́ kí nǹkan ọ̀hún bá ara mi mu ni. Nǹkan wo? Albertine wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́músẹ́. Mi ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Nǹkan ọ̀hún dé. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, irú èyí tí àwọn arọ ń gùn nígboro, tó ní àga, tí a ń fi ọwọ́ yí dípò ẹsẹ̀. Mo jókòó lé e, ó bá mi mu géérégé. Mo ní áà, wọn ò tilẹ̀ fẹ́ ná owó epo, èmi fúnra mi ni kí n gbé ara mi lọ! Mo ń yí i ká àgbàlá, adìyẹ kò ráyè dúró mọ́, mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ọwọ́ mi kò gbàgbé agbára tó fi ń gbé ẹrù abọ́. Nígbà tí Ismaël rí i pé mo ti mọ̀ ọ́n gùn, ó ní dákọ́ọ̀, pé ó ti dáa, pé tó bá di ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ọkọ̀ àwọn ẹgbẹ́ náà máa wá gbé mi lọ sí ibi tí àwọn arúgbó bíi tèmi wà. Tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ó dùn mí, Awa. Ọmọ bíbí inú mi. Mo fi etí bùbá mi nu ojú.

Mo bá sá lọ.

Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀ náà, Ismaël wà ní balùwẹ̀, Albertine lọ ra búrẹ́dì, mo gun kẹ̀kẹ́, mo gba orí sìmẹ́ńtì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọn jáde, mo bọ́ sígboro. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú, mi ò rí òde ẹnu géètì wa. Obìnrin ẹ̀yà Mósí tó ń dín àkàrà lójú ọ̀nà rí mi, ó gbé ọwọ́ lé orí, ó ní wọ́n sọ fún òun pé mo ti padà sí Nàìjíríà, ó ń dúpẹ́ ní Mòórè èdè wọn, ó ní barka, barka, ó fún mi ní àkàrà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo yí i wò dáadáa kí n tó jẹ ẹ́. Nígbà tí mo dé títì ọlọ́dà, àwọn ọlọ́mọ́tò dúró fún mi, gbogbo wọn, wọ́n dúró bí ìgbà tí ìjọba ń kọjá. Mo ń yí kẹ̀kẹ́, mo ń wo ẹ̀yìn bóyá ọkọ̀ ẹgbẹ́ ń lé mi.

Ilé Láwàlì ni mo ń lọ, o rántí rẹ̀, òun la jọ kúrò ní Gánà nígbà tí wọ́n lé wa, òun la jọ bẹ̀rẹ̀ abọ́ títà. Mo fẹ́ sá pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì fẹ́ bá a jà pẹ̀lú, nítorí látìgbà tí mo ti ṣubú, kò wá kí mi. Mo ti di ẹjọ́ yẹn sínú, mo ti mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ni mo bá a. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, tẹlifíṣọ̀n ń sọ Faransé sí i lójú. Ó ní ta nìyẹn. Mo ní èmi ni, Bìláàlì. Ó ní irọ́ ni, Bìláàlì ti lọ sílé, kò tilẹ̀ dágbére fún òun. Ó ti ń bínú sí mi látìgbà náà, èmi náà ń bínú sí i, ilé wa kò sì jìn síra, ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní jẹ obì kan tán lọ́nà kó tó débẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọmọ dáadáa ni, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní bàbá ti ṣiṣẹ́ púpọ̀, kó sinmi. Ó sì ń sinmi. Faransé ni wọ́n ń sọ nílé, ìránṣẹ́bìnrin ń sọ Mòórè, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ Yorùbá. Ó fẹ́ sọ fún mi pé orúnkún ló ń dùn ún, Awa, ó wá orúkọ orúnkún tì. Láwàlì! Ẹni tó ń pa àlọ́ fún wa ní Kùmásí tí oorun kì í kun ẹnikẹ́ni! Ó fọwọ́ lé e, ó ń wò mí. Mo pè é fún un. Ó pè é tẹ̀ lé mi. Àwa méjèèjì bú sẹ́kún.

Wọn ò gbé e lọ síbì kankan o. Inú ilé ara rẹ̀ ló ti sọ nù.

Ibẹ̀ ni Ismaël àti Salimata ti wá bá wa, Albertine ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wọn láìwọ bàtà, ó ń sunkún. Mo ti múra ìjà. Dípò kí wọ́n bínú, Salimata pàtẹ́wọ́! Ó ní ṣé èmi nìkan ni mo dá a yí dé ibí? Ismaël ní ibi tí òun ń wí, eré ludo ni wọ́n ń ta níbẹ̀, wọ́n ń na ara, wọ́n ń jẹun, wọ́n á sì gbé kálukú padà sílé kí wọ́n tó pe ìrun alásáárì. Mo ní bí ajínigbé ṣe máa ń sọ gan-an nìyẹn. Mo ní mi ò ní lọ àfi tí Láwàlì bá lọ, kó lè jẹ́ pé àwa méjì ni wọ́n jí. Wọ́n gbé wa lọ. Wọ́n dá wa padà lóòótọ́. Wọ́n sì tún dá wa padà ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì wà lára wọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀, èmi ni mo ń yí kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Láwàlì lójoojúmọ́, a jọ ń sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń rẹ̀ wá. Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ rán Nuru sí mi, fún táyà ẹ̀yìn tí ẹ̀gún ń gún, àti fún fìlà tó gbòòrò, oòrùn kò mọ àgbà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí apá rẹ lè gbé ohun tí o bá dáwọ́ lé, yóò fún ọ ní ọmọ tí yóò kúnlẹ̀ kí ọ tí ara kò ní fu ọ́. Máa bá àwọn ọmọ rẹ sọ Yorùbá.

Ó ku ọ̀kan. Ọwọ́ yìí náà á rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí o bá wá pe ilé lọ́jọ́ náà, tí wọ́n sọ fún ọ pé bàbá wà dáadáa, pé ó ń sinmi, má ṣe dúpẹ́. Wọ bọ́ọ̀sì, kí o wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bìláàlì, ní Dapoya.