Táyà Yín Ti Kúrò Lẹ́sẹ̀ Ọkọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Tatsurō,

Ẹ kú àjò o. Ṣé ìyàwó yín àtàwọn ọmọ wà dáadáa ní Bràsíl? Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, wọ́n ti ń rìn dé oko. Òjò oṣù kẹfà ò tíì dá lórí òkè wa.

Ẹ ní bí mo bá máa wa ọkọ̀ yín, àfi táyà eré ìje yín tó dán bọ̀rọ́ yẹn. Mo ti yọ wọ́n. Bí títì bá gbẹ, wọ́n ń lẹ̀ bí àtè, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá tutù, omi ò ríbi gbà jáde lábẹ́ wọn, ọkọ̀ á wá máa léfòó. Èyí tó kọlà jinlẹ̀ ni mo rà.

Genzō ọ̀rẹ́ yín rí i, ó bú sẹ́rìn-ín: "Chizuru, táyà ìyá arúgbó rèé!" Òjò dé. Táyà tó dán bíi tiyín ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tirẹ̀; kọ́nà àkọ́kọ́ ló ti fìdí ọkọ̀ náà gbá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Èmi ni mo gbé e délé. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ." Mo ti sọ.

Kí àwọn baba ńlá wa máa ṣọ́ yín. Ẹ fi kọfí ránṣẹ́ sí Màmá.

Mi ò ju táyà yín nù o. Mo fi wọ́n tẹ ọ̀rá tó bo oko àlùbọ́sà Màmá mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń dilẹ̀ mú nínú òjò.

Àbúrò yín,
Chizuru