Màmá Dẹ́rẹ́bà, Ẹni Tó Mú Ẹ̀rọ Ìwé Afọ́jú Fọhùn (1949–2021)

Ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún ọdún 1949 ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Bàbá wọn ń tún rédíò ṣe, ìyá wọn ń ránṣọ. Màmá ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé ní 1955 ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń tú rédíò palẹ̀. Títò ó padà ló pẹ́ díẹ̀.

Wọ́n kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ń gba odidi yàrá. Ní 1974, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, olùkọ́ tí ojú wọn ti fọ́ láti kékeré. Àwọn ẹbí kan kùn. Màmá ní ojú òun méjèèjì tó àwọn méjèèjì lò.

Ní 1988, iléèwé àwọn afọ́jú tí Bàbá ti ń kọ́ni gba Màmá síṣẹ́, láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé alámì tí afọ́jú ń fi ìka kà. Ní 2001, iléèwé ra kọ̀ǹpútà tuntun, tí ètò tuntun ń darí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn báyìí, ẹ̀rọ yadi. Dẹ́rẹ́bà ni kò ní: kì í ṣe awakọ̀ o, ètò kékeré tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ni. Ìdánwò àṣejáde ku oṣù mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógún ló sì ń retí ìwé.

Màmá kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n ní àwọn tó gbé ètò tuntun jáde ni kó pèsè dẹ́rẹ́bà. Màmá kọ̀wé sí àwọn yẹn. Àwọn náà ní ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni kó pèsè rẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà kẹsàn-án dé, Màmá sunkún. A sọ ọ́ nítorí pé kì í ṣe ìwà wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nujú, wọ́n ní, “Ó dáa, ẹ máa bá ìjà yín lọ.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jókòó ti ẹ̀rọ náà. Wọ́n á rán àmì kan sí i, wọ́n á kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀, wọ́n á tún rán òmíràn. Nígbà tí ojú ewé àkọ́kọ́ jáde, Bàbá fọwọ́ kàn án, ẹ̀rín pa wọ́n.

“Ìyàwó mi, gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló dorí kodò.”

“Tíṣà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dì í mú sódì?”

“Mo ti ń kàwé kí n tó mọ̀ ọ́.”

Bàbá ló jàre. Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́rin, ìwé jáde bó ṣe yẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún ló ṣe ìdánwò náà, mọ́kàndínlógún yege.

Màmá fi dẹ́rẹ́bà náà tọrẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò dákẹ́. Níbi ìpàdé kan tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ni ètò wá ní 2004, Màmá dìde láàárín ìhà méjèèjì: “Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló mọ inú rẹ̀, kó kọ ọ́ síwèé fún aráyé. Ẹni tó ni ètò ló nilé. Kó fi dẹ́rẹ́bà síbẹ̀, kó sì máa tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá ń jà sí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn, inú òjò ni àlejò wà.” Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìwé tó ṣàlàyé inú ẹ̀rọ jáde, àwọn tó ni ètò sì fi dẹ́rẹ́bà sínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ wọn, Màmá Dẹ́rẹ́bà, ti wá. Aládùúgbò kan tiẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun wa ọkọ̀ akẹ́rù. Màmá ò sì mọ kẹ̀kẹ́ gùn.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni wọ́n. Àwọn ló ń tẹ ìwé orin fún àwọn akọrin afọ́jú nínú ìjọ. Wọ́n fẹ̀yìntì ní 2009. Ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni wọ́n dákẹ́, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ Bàbá.

Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, àti àbúrò méjì sáyé lọ.

Màmá wa, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ sùn un re; a ó máa bá yín tọ́jú Tíṣà.