Èmi, Ìbọn Arne, àti Àgbọ̀nrín Tó Lọ

                                        Òpópónà Adágún Pelto,
                                        Covington,
                                        Michigan.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2014.

Verna, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Oòrùn Arizona ńkọ́, ṣé kò tíì sọ ẹ́ di ẹran gbígbẹ? Dale ńkọ́, orúnkún rẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó ọmọ rẹ tó wà nínú oyún ńkọ́? Ẹ ó gbóhùn ìyá, ẹ ó gbóhùn ọmọ. Ní tiwa níbí, yìnyín ti bò wá mọ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Saima ṣì ń bá àwọn adìẹ rẹ̀ jà, ara mi sì le. Àárò rẹ nìkan ló ń sọ mí.

Mo mọ̀ pé Saima á ti sọ fún ẹ pé mo lọ sí àgọ́ ọdẹ lọ́dún yìí. Òótọ́ ni o. Fi ẹ̀rín sílẹ̀ ná, kí o gbọ́.

Láti ìgbà tí Arne ọkọ mi ti kú, ibùsùn rẹ̀ ní àgọ́ ti ṣófo. Onni, àbúrò rẹ̀, fẹ́ kí ọkọ ọmọ òun, tó ti ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, gbà á. Mo ní rárá, èmi ni mo fẹ́ ẹ. O mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti ń yìnbọn lóko bàbá mi, ṣùgbọ́n obìnrin kankan ò sùn ní àgọ́ yẹn rí. Bàbá Sulo tó dàgbà jù nínú wọn ló parí ọ̀rọ̀: ó ní kí n wá lọ́dún yìí, kí àwọn wò mí, kí àwọn tó pinnu. Bí ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò ni mo lọ, Verna. Bí wọ́n bá gba ibùsùn yẹn lọ́wọ́ mi, á dà bíi pé Arne kú lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ìbọn rẹ̀ ni mo gbé, ṣẹ́ẹ̀tì òwú líle rẹ̀ ni mo wọ̀. O rántí ìbọn ológun ilẹ̀ Sweden tó rà ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù ológun àtijọ́, kí a tó fẹ́ra wa? Gírísì tí àwọn sójà fi pa á mọ́ ṣì wà nínú igi rẹ̀ dòní. Gbé e súnmọ́ ààrò báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Òórùn Arne nìyẹn lójú tèmi.

Mo jókòó sídìí igi kan létí àbàtà. Òtútù yẹn! Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Mo ti wá mọ ìdí tó fi jẹ́ egungun ni Dale máa ń fún wa. Yìnyín ń bọ́ láìdún. Nígbà tó yá, n ò mọ̀ bóyá mo sùn ni tàbí mo jí. Mo ń rí Arne, kì í ṣe bí òkú, bí ẹni tó kàn yà sẹ́yìn igi tó sì ń bọ̀. Gbogbo nǹkan funfun, gbogbo nǹkan dákẹ́, ọkàn mi náà sì dákẹ́, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ ìsìnkú. Àfi bí akọ àgbọ̀nrín kan ṣe yọ jáde, yìnyín lórí ìwo rẹ̀, ó súnmọ́ mi débi pé mo ń rí èémí imú rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ní irú ìbọn yìí ló mọ̀ pé tìtorí ọ̀tá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n ṣe ṣe ojú tí a fi ń fojú sun nǹkan lórí rẹ̀. Bí ẹran bá súnmọ́, ọta á gba òkè rẹ̀ kọjá. Arne máa ń sọ pé, "Wo orúnkún rẹ̀, àyà ni wàá bà." Mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wà lójú àlá yẹn, àyà gan-an ni mo wò. Mo yìn ín. Ọta gba òkè ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹran náà ò tilẹ̀ sáré. Ó wò mí, ó sì rọra wọ inú funfun náà lọ. Inú mi dùn pé ó lọ. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìdánwò mi, ara mi bá tutù.

O mọ òfin àgọ́: ẹni tó bá ta ẹran tì, wọ́n á gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Wọ́n ti gbọ́ ìró ìbọn mi kí n tó wọlé.

"Ẹran dà?" Bàbá Sulo ló béèrè.

"Ó ní kí n kí yín, Bàbá. Ó ní òun ń kánjú."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Onni bu kọfí fún mi. "Má da ara ẹ láàmú, ìyàwó wa. Ìbọn àtijọ́ ni, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ."

Wọ́n gé páì ẹran fún mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ibùsùn náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Àlejò ni wọ́n ń kẹ́ báyẹn. Inú bí mi.

"Àlùmọ́gàjí dà?"

Onni tún bu kọfí kún ife mi.

"Onni, àlùmọ́gàjí dà? Lọ́dún tó kọjá, ẹ ò jẹ́ kí ọkọ ọmọ ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó gé tiẹ̀. Ṣé torí pé obìnrin ni mí ni?"

"Ìyàwó wa, jókòó."

"Mi ò jókòó!"

Onni fọwọ́ kan apá ṣẹ́ẹ̀tì náà. "Ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi lo wọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ki àlùmọ́gàjí bọ ṣẹ́ẹ̀tì Arne?"

Ojú tì mí, Verna. Mo rò pé wọ́n ń wọ̀n mí lórí òṣùwọ̀n ni, àṣé ọ̀fọ̀ kan náà la jọ ń ṣe. Ó kù díẹ̀ kí n ní kó fi í sílẹ̀.

"Onni," Bàbá Sulo pè é, "ta ló yìnbọn? Arne ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ẹni tó yìn ín ni kó o gé tiẹ̀. Ṣe kíá jàre, ebi ń pa mí."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo gbọ́ àlùmọ́gàjí náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, díẹ̀díẹ̀. Ó gé e wọ́. Ó kàn án mọ́ ògiri, ó kọ HELMI sí i gàdàgbà. Ó fi apá aṣọ nu ojú, ó wá nawọ́ sí bàsíà.

"Ẹni tó bá ta ẹran tì ló ń fọ abọ́ títí a ó fi túká. Má wò mí bẹ́ẹ̀, Helmi. Ọdọọdún ni!"

Mo ti ń fọ abọ́ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, n ò gbádùn rẹ̀ rí. Ti ọjọ́ yẹn, mo fọ̀ ọ́ kanlẹ̀, mo tún bú wọn pé ìkòkò wọn dọ̀tí, bí ẹni tó ti ní ibùsùn níbẹ̀.

Bá mi kí Dale, kí o sì bá mi gbá ikùn ìyàwó ọmọ rẹ mọ́ra. Saima ní kí n kí ẹ, òun àti àwọn adìẹ.

Èmi ni ti ẹ, bí yìnyín tilẹ̀ bò mí,
Helmi Rautio.